Ikọ́ Ajá Nígbà Ọyẹ́

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, tí ọyẹ́ bá ti mú Ìbàdàn, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé láti aṣálẹ̀ ilẹ̀ Chad a bo páànù ilé àdúgbò Ọ̀rányàn, ẹni tó bá dúró lórí òkè Mápó lówùúrọ̀ kò ní rí òdìkejì ìlú. Ètè á bó, imú á dí, àwọn ìyá á máa wá òrí tí wọ́n máa fi pa imú ọmọ. Àkókò yìí náà ni ajá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ lágboolé kan, òmíràn á gbà á lódìkejì, kò ní pẹ́ tí ikọ́ náà á fi kárí láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba. Àwọn tó jókòó síwájú ilé á wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ẹnìkan á ní òtútù ni. Èkejì á ní egungun ló há a lọ́fun. Ẹ̀kẹta, tí kò gbádùn aládùúgbò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, á ní wọ́n ti fún ajá náà ní májèlé jẹ.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ohun tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ nípa ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ajá, èyí tó bá tiwa mu nínú rẹ̀, àti ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe tó ń dá kún ìyà ajá. Mo sọ èrò tèmi síwájú kí ẹ lè máa bá mi jiyàn bí a ti ń lọ: púpọ̀ nínú ikọ́ wọ̀nyí kò nílò ju sùúrù àti kí á ya ajá náà sọ́tọ̀, díẹ̀ nínú wọn kò fàyè gba sùúrù rárá. Kí alájá mọ èyí tó wà níwájú òun, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ajá Ọ̀rányàn yàtọ̀ sí ajá Bódìjà. Ní Bódìjà, géètì ló ya ajá kan sí èkejì, ẹnìkan ló ń dá gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní Ọ̀rányàn àti Bẹyẹrúnkà, ilé fara ti ilé débi pé ajá tí Bàbá Ràfíù fún lóúnjẹ láàárọ̀ lè lọ sùn sí ẹnu ọ̀nà ìyá aláàmàlà lálẹ́, á sì ti ya ààtàn àti ìsọ̀ alápatà l'Ọ́jà'ba kí ilẹ̀ tó ṣú. Púpọ̀ nínú ará àdúgbò ló jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọn kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ ajá nítorí olè. Ìta wá ni ajá ń gbé: nínú ìrì, nínú eruku, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán àti jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ imú rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ ju tiwa lọ. Àwọn ọdẹ tún máa ń kó ajá jọ láti agboolé oríṣiríṣi kí wọ́n tó wọgbó. Nílẹ̀ òyìnbó, inú ọgbà tí wọ́n ń kó ajá pamọ́ sí ni irú ikọ́ yìí ti ń gbilẹ̀; lọ́dọ̀ wa, gbogbo agboolé ni ọgbà náà.

Ikọ́ tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní kennel cough. Kì í ṣe kòkòrò kan ṣoṣo ló ń fà á. Bakitéríà kan wà nínú wọn, Bordetella bronchiseptica, tó bá èyí tó ń fa ikọ́ líle ọmọdé tan. Fáírọ́ọ̀sì parainfluenza ti ajá wà níbẹ̀, adenovirus ẹ̀yà kejì wà níbẹ̀, Mycoplasma cynos náà wà níbẹ̀, títí kan coronavirus kan tó jẹ́ ti ọ̀nà èémí ajá, tí kì í ṣe Kòrónà tó sé wa mọ́lé ní 2020. Wọ́n máa ń bára wọn ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀nà èémí, irun wínníwínní kan wà tó ń gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde láìsinmi. Tí fáírọ́ọ̀sì bá ti ba irun yẹn jẹ́, bakitéríà á ráyè wọlé. Eruku ọyẹ́ àti èéfín igi ìdáná ń ṣe irú ìbàjẹ́ yẹn náà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ le. Àwọn tó ń ní òtútù ló mú ajá kò kúkú jìnnà sóòótọ́, àmọ́ òtútù kì í bí kòkòrò. Ajá tó dá wà, tí kò pàdé ajá mìíràn, lè sùn sínú ọyẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó má wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ikọ́ náà kò ṣòro láti dá mọ̀. Ó gbẹ, ó ń dún gọ̀ọ́, gọ̀ọ́, pàápàá tí ajá bá sáré tàbí tí okùn bá fà á lọ́rùn. Lẹ́yìn ìwúkọ́ mélòó kan, ajá á na ọrùn, á ṣe bí ẹni fẹ́ bì, ìfófòó funfun díẹ̀ á jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ egungun-há-a-lọ́fun ti ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyókù ara rẹ̀: ó ń jẹun, ojú rẹ̀ dán, ó ṣì ń ju ìrù tó bá rí yín. Àmì yìí máa ń hàn láàárín ọjọ́ 2 sí 14 lẹ́yìn tó ti bá ajá aláìsàn pàdé, ikọ́ fúnra rẹ̀ sì lè gba ọ̀sẹ̀ 1 sí 3 kó tó lọ.

Ìtọ́jú irú ajá bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lówó, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn kì í fi í kà á sí ìtọ́jú. Ẹ tú okùn tàbí bẹ́líìtì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Tó bá di dandan kí ẹ dè é, àyà ni kí ẹ gba okùn náà yí ká. Ẹ gbé e kúrò nínú èéfín. Ẹ má jẹ́ kó sáré, ẹ má sì gbé e lọ sóko ọdẹ. Omi mímọ́ ni kó wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo, kí oúnjẹ rẹ̀ rọ̀, kó sì ní ìgbóná díẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè wọ imú tó dí. Tí ẹ bá ní ilé ìwẹ̀ tó ṣeé tì, ẹ da omi gbígbóná sínú báàfù, kí ajá dúró nínú ooru rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ kó má lọ fẹsẹ̀ kan omi. Ìyókù, ara rẹ̀ ló máa ṣe é.

Nípa oògùn apakòkòrò, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àrùn àkóràn ẹran ọ̀sìn lágbàáyé, ISCAID, gbé ìlànà jáde ní 2017 tó yẹ kí gbogbo ilé oògùn tó wà láti Bẹẹrẹ dé Mápó lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n ní ajá tó ń wúkọ́, àmọ́ tí kò níbà, tó ń jẹun, tí ara rẹ̀ yá, tí ikun imú rẹ̀ kò sì nípọn, kò nílò oògùn apakòkòrò, torí púpọ̀ nínú wọn á gbádùn láàárín ọjọ́ mẹ́wàá láìlò ó. Tó bá di dandan kí á lò ó, doxycycline ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, dókítà ló sì máa díwọ̀n rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe níbí ni pé a ra kápúsù aláwọ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni tó gbé igbá oògùn kiri, a tú u sínú ẹ̀kọ, a fún ajá lẹ́ẹ̀mejì, ikọ́ rọlẹ̀ nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé, a wá búra pé kápúsù ló ṣe é. Èyí tí a fi ṣòfò báyìí ni kòkòrò á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún nígbà tí ọmọ ènìyàn bá nílò rẹ̀.

Gbogbo èyí rọrùn. Èyí tó le ni dìsítẹ́ńpà.

Bí dìsítẹ́ńpà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀fìnkìn: imú ń yọ omi, ojú ń ṣe ipin, ara gbóná lọ́jọ́ mélòó kan, ó tún rọlẹ̀. Alájá á ní ó ti ń gbádùn. Ibà náà á padà, ikun imú á wá nípọn, á ní àwọ̀ ìyeyè, ipin á lẹ ojú pa, ikọ́ á tutù wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Ajá á kọ oúnjẹ, á máa bì, á máa ṣu omi. Àwọn kan, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á le bí awọ gbígbẹ, orí imú wọn náà á sì le. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà mìíràn tó ti dà bíi pé ìjà ti parí, iṣan ojú tàbí ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò léraléra, ẹnu á máa jẹ ohun tí kò sí níbẹ̀, gìrì á mú un. Ibi tí àwọn ará ilé á ti ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán nìyẹn. Nǹkan bí ìdajì àwọn àgbà ajá tí àìsàn rẹ̀ bá le ló ń kú; ti ọmọ ajá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Omi ara, oúnjẹ, oògùn apakòkòrò fún bakitéríà tó gun orí rẹ̀, oògùn gìrì: ìrànlọ́wọ́ ni gbogbo rẹ̀ kí ara lè jà fúnra rẹ̀.

Àrùn yìí ti da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú pẹ́. Edward Jenner tó fún aráyé ní àjẹsára ṣọ̀pọ̀nná kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1809. Ní 1905, Henri Carré ará Faransé fi hàn pé ohun tó ń fà á kéré ju bakitéríà lọ. Ní àwọn ọdún 1920, Dunkin àti Laidlaw ń wá àjẹsára rẹ̀ ní Mill Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń lo ẹranko kékeré kan tó ń jẹ́ ferret nítorí pé dìsítẹ́ńpà tètè ń mú un. Irú ferret yẹn náà ni wọ́n fi ikun ọ̀fun ènìyàn tó ní fúlúù sí nímú ní 1933, bí ayé ṣe kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì fúlúù ènìyàn mú nìyẹn. Ẹni tó bá ń bèèrè ìdí tí ènìyàn fi ń náwó lórí ọ̀fìnkìn ajá, ìdáhùn kan rèé.

Ẹbí kan ni dìsítẹ́ńpà pẹ̀lú èèyi tó ń mú ọmọdé, ìyẹn mísùlù, àti rinderpest tó ń run màlúù kí àwọn àjọ àgbáyé tó kéde ní 2011 pé ó ti pòórá láyé. Ti ajá kò pòórá, kò sì mọ sára ajá. Ní 1994 ó wọ inú igbó Serengeti ní Tanzania, ó pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn kìnnìún ibẹ̀. Ajá àwọn abúlé tó yí igbó náà ká ni wọ́n fura sí pé ó ti wá. Tí ajá abúlé bá lè kó bá kìnnìún tí kì í bá a jẹun pọ̀, ẹ ro ti ọmọ ajá mẹ́fà tó wà nínú páálí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí ẹni tó ń tà wọ́n ń fi ọwọ́ kan náà gbé wọn hàn fún gbogbo ẹni tó bá dúró. Ibẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú wa ti ń ra ajá. Ọmọ ajá tí ẹ bá rà báyìí, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kó tó di pé ó bá tilé ṣeré.

Àjẹsára ni a fi ń dènà dìsítẹ́ńpà, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Àṣìṣe kan ló gbalẹ̀: alájá á ní, “A ti gún un lábẹ́rẹ́.” Ẹ bá bi í pé abẹ́rẹ́ èwo, ti dìgbòlugi nìkan ni. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò mọ nǹkankan nípa dìsítẹ́ńpà. Èyí tí a ń sọ ni DHLPP, tó ń dènà dìsítẹ́ńpà, àrùn ẹ̀dọ̀ ajá, leptospirosis, parvo àti parainfluenza. Adenovirus ẹ̀yà kejì tí wọ́n fi ṣe ti àrùn ẹ̀dọ̀ nínú rẹ̀ tún ń gba ajá lọ́wọ́ apá kan kennel cough. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ajá bá pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra títí tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 16, wọ́n á sì fi òmíràn kún un lẹ́yìn ọdún kan. Ìdí tí ẹyọ kan kò fi tó ni pé ààbò tó mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ lè pa iṣẹ́ àjẹsára náà rẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì lè fojú wo ọmọ ajá kó mọ ọjọ́ tí ààbò yẹn máa tán.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú àjẹsára sí láti ilé iṣẹ́ títí dé ara ajá. Nílùú tí iná ọba ń lọ tó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ tó ti gbóná nínú fíríìjì lè wọ ara ajá láìṣe iṣẹ́ kankan, owó ti lọ, ọkàn alájá sì balẹ̀ lásán. Ẹ má tijú láti bi dókítà pé kí ni fíríìjì rẹ̀ ń lò tí kò bá síná. Ní tèmi, ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ju iye owó lọ. Ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba wà ní Mọ́kọ́lá, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ dókítà ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò sì sí èyí tó jìnnà púpọ̀ sí Ọ̀rányàn fún ẹni tó bá rí onímárúwá tó gbà láti gbé ajá. Ìyẹn nìkan lè gba ìdúnàádúrà.

Ikọ́ mìíràn wà tí kò ti ọ̀dọ̀ ajá kejì wá. Aràn ni. Ọmọ ajá máa ń gba aràn Toxocara láti inú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ọmọ aràn náà á gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, ajá á wú u jáde, á gbé e mì, á wá dàgbà nínú ìfun. Ọmọ ajá tí ikùn rẹ̀ tóbi, tí irun rẹ̀ kò dán, tó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fún un ní oògùn aràn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n á máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì nígbà tó ṣì kéré. Fún àgbà ajá, aràn kan wà tí ẹ̀fọn ń gbìn sí wọn lára, Dirofilaria immitis, tó ń gbé nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, tí abo rẹ̀ lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ajá ọdẹ tó ti máa ń sáré tẹ́lẹ̀, tó wá ń wúkọ́ tó sì ń jókòó lójú ọ̀nà, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ọkàn tó ti rẹ̀ náà ń fa ikọ́ fún arúgbó ajá, pàápàá lóru.

Ẹ tún ṣọ́ra fún eégbọn. Ajá tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ kò ní ọ̀fìnkìn. Kòkòrò Ehrlichia tí eégbọn ń gbé kiri lè fà á, nítorí ó ń ba ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jẹ́. Babesia, tí eégbọn náà ń gbé kiri, ń run ẹ̀jẹ̀: erìgì á funfun, ìtọ̀ á pọ́n, ajá á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tí kò bá wo erìgì á ní òtútù àyà ni. Ìbàdàn kún fún eégbọn. Dókítà tí kò bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó kọ oògùn fún irú ajá yìí, ẹ bèèrè ìdí.

Ti àwọn ajá òyìnbó kò ní pẹ́ wa, wọn kò pọ̀ ní Ọ̀rányàn. Àwọn onímú kúkúrú, bíi Bulldog àti Pug, ń mí pẹ̀lú ariwo láti ìbí, oòrùn ọ̀sán sì lè pa wọ́n. Àwọn kékeré onírun gígùn tí ọ̀dọ́ fẹ́ràn báyìí lè ní ọ̀nà èémí tó ń pàdé mọ́ra, okùn ọrùn ló sì ń mú un burú. Ohun kan tún wà tó ń dẹ́rù ba ènìyàn lásán: ajá á dúró gbagidi, á na ọrùn, á máa fa afẹ́fẹ́ sí imú pẹ̀lú ariwo fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á sì ṣíwọ́ bíi pé kò sí nǹkankan. Kò sí nǹkankan náà ni, àfi tó bá ń wá lemọ́lemọ́.

A dé ibi tó ń dùn mí jù. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Mi ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bá ojú mu ju ọ̀rọ̀ ajá tó ń wúkọ́ lọ. Ìgbà tí wọ́n bá ti fura sí májèlé, ẹnìkan á di ẹnu ajá mú, èkejì á da epo pupa sí i lọ́fun. Tí wọ́n bá fura sí òtútù, àgbo ni. Ajá tó ń wúkọ́, tó ń jà, tí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, kò lè gbé e mì dáadáa. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á gba ọ̀nà èémí lọ. Epo kò ṣeé wú jáde bọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, òtútù àyà tí kò sí tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ní ajá náà ti fẹ́ kú tẹ́lẹ̀ ni. Kí ẹ má ṣe ohunkóhun sàn ju kí ẹ ṣe èyí lọ.

Alùbọ́sà tí a ń fi ṣúgà sí fún ikọ́ ọmọdé ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, yálà tútù tàbí sísè, ááyù náà sì jọ ọ́. Paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ tó bá pọ̀. Ibuprofen ń dá egbò sí i nínú, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine léwu púpọ̀ fún un. Omi ikọ́ tí wọ́n fi xylitol mú dùn lè já ṣúgà ara rẹ̀ lulẹ̀ láàárín wákàtí kan. Róòbù tí ẹ fi pa á nímú, ahọ́n rẹ̀ ló máa lá a, káńfọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ. Òrí nìkan ni n kò ní bá yín jà lé: ẹ lè fi díẹ̀ pa imú tó ti sán nínú ọyẹ́, tó bá lá a kò ní ṣe é ní nǹkankan. Kò ní wo ikọ́ sàn.

Àti egungun. Lóòótọ́, egungun máa ń há ajá lọ́fun. Ṣùgbọ́n ajá tó la ẹnu sílẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, tí ohùn gbígbó rẹ̀ yí padà, ajá dìgbòlugi náà máa ń rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kó tó bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá ki ọwọ́ sí i lẹ́nu láti yọ egungun ti lè gba ikú sọ́wọ́ láìsí ojú eyín kankan. Ẹ má ki ọwọ́ sí i. Ẹ sé e mọ́ ibì kan, ẹ pe dókítà ẹranko. Bí itọ́ rẹ̀ bá ti kan ojú egbò yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn ènìyàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìlú wa kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí: lára asín ní Mọ́kọ́lá níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi ní 1968, orúkọ àdúgbò náà ló sì ń jẹ́ títí dòní nínú ìwé àwọn onímọ̀.

Àwọn èèyàn tún máa ń bèèrè bóyá ọ̀fìnkìn ajá lè ran ènìyàn, tàbí tiwa òun. Èyí tó ń mú wa lójoojúmọ́ kì í ràn wọ́n. Bordetella ti ajá lè mú ènìyàn tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, àmọ́ kò wọ́pọ̀. Kòrónà ràn wọ́n: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni wọ́n rí i lára ajá kan ní Hong Kong tí olówó rẹ̀ ní in, púpọ̀ nínú àwọn ajá tó sì ní in kò ṣàìsàn tó le. Fúlúù tiwọn wà lọ́tọ̀. Ó ti ara ẹṣin bọ́ sára ajá eré ìje ní Florida ní 2004, irú mìíràn tó ti Éṣíà wá sì gba Chicago kan ní 2015. Ní 2023, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà kà ju ajá 200 lọ tí ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ ń yọ lẹ́nu. Àwọn tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò gbogbo náà kò tètè rí ohun tó fà á nígbà náà.

Àwa tí kò ní ẹ̀rọ ní ojú àti ọwọ́. Tí ajá bá sùn, ẹ wo ìhà rẹ̀, kí ẹ fi aago fóònù ka iye ìgbà tó gbéra láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti ń kọjá 30 léraléra, nǹkan ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè: erìgì tó pọ́n díẹ̀ dára, èyí tó funfun kò dára, èyí tó ń dúdú bí aró kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ẹ má fi ọwọ́ wọn ibà rẹ̀, torí ara ajá tó dá ṣáṣá gbóná ju tiwa lọ, 38 sí 39.2 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ẹ má sì gbára lé imú tútù, ajá aláìsàn náà máa ń lá imú rẹ̀. Ajá tó nasẹ̀ iwájú méjèèjì síta tó kọ̀ láti dùbúlẹ̀, tí ikùn rẹ̀ ń bá a fa èémí, ẹ gbé e ní wákàtí yẹn. Èyí tó kọ oúnjẹ fún ọjọ́ kan, tí ikun imú rẹ̀ ti nípọn, tó jẹ́ ọmọ ajá, tàbí tí ikọ́ rẹ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́wàá láìdínkù, kó rí dókítà kí ọ̀la tó ṣú.

Ẹni tó bá fọwọ́ kan ajá aláìsàn, kó fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó kan òmíràn. Àwo omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti gbogbo ajá agboolé. Dìsítẹ́ńpà kì í pẹ́ níta ara, ọṣẹ lásán ń pa á, àmọ́ ajá tó yè é lè máa tú u jáde fún oṣù mélòó kan. Ti kennel cough, ẹ yà á sọ́tọ̀ títí ikọ́ fi máa lọ tán, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Ọdẹ tó bá fẹ́ mú un padà sígbó lẹ́yìn ìyẹn, kó kọ́kọ́ jẹ́ kó sáré yí agboolé ká lówùúrọ̀ mélòó kan. Bí ikọ́ bá tún dún, kó dá a padà sílé.